Nígbà Tí Wèrèpè Bá Wà Nínú Ara

Ẹ má wo abẹ́rẹ́ ná. Ọwọ́ dókítà náà ni kí ẹ wò. Ó na ọwọ́ òsì sókè lábẹ́ ihò tí atẹ́gùn tútù ti ń wọ tíátà, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ ọ̀tún kan orí tábìlì iṣẹ́ abẹ, bí ìyá àgbà ṣe máa ń kan omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ fi kún ooru yàrá náà. Àwọn oníṣẹ́ abẹ kì í fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ẹ̀wù tí wọ́n ń wọ̀ lé aṣọ nípọn, òógùn a sì máa ṣàn lẹ́yìn wọn. Wọ́n kùn díẹ̀, wọ́n gbà. Omi dríìpù ti wà nínú àpótí amóoru láti ìdájí. Wọ́n ti tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀rọ ń fẹ́ atẹ́gùn tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí. Aláìsàn kò tíì dé, oògùn kan kò tíì wọ ara ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ti jìnnà.

Dókítà tó ń kun èèyàn lóorun ni. Ilé ìwòsàn kan ní Ìlú Ọba ni mo fi ṣe ibùdó ìtàn yìí, obìnrin tó lé díẹ̀ lẹ́ni ogójì ọdún ni mo fi ṣe aláìsàn. Ẹ má wá ẹni tí mo ń bá wí. Bí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ṣe ń ṣe é ni mo kó jọ sí ara ẹnì kan. Wọ́n fẹ́ yọ àpò òróǹro fún un nítorí òkúta, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́ ayé. Ohun tí wọn kì í rí lójoojúmọ́ ni àìsàn tí obìnrin náà ń bá gbé. Mastocytosis ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì fojú bù ú pé nínú èèyàn 10,000, bí ẹnì kan ló ní in.

Gbogbo wa la ní sẹ́ẹ̀lì mast. Ibi tí ara ti ń pàdé ayé ni wọ́n ń ṣọ́: abẹ́ awọ, ògiri ìfun, ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀bá àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké. Ọmọ Jámánì kan, Paul Ehrlich, ló sọ wọ́n lórúkọ lọ́dún 1878. Ọmọ ọdún 24 ni nígbà náà, ó ń kọ ìwé àṣejáde rẹ̀ ní Leipzig. Ká sòótọ́, aláró ni Ehrlich. Ó ń rẹ ẹran ara sínú oríṣiríṣi aró, kó lè mọ èyí tí yóò gba àwọ̀ àti èyí tí kò ní gbà á, títí ó fi rí sẹ́ẹ̀lì kan tí hóró tín-tìn-tín kún inú rẹ̀ dẹ́múdẹ́mú. Ó rò pé àjẹyó ni wọ́n jẹ, ló bá fi ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Jámánì ń lò fún bíbọ́ ẹran sanra pè wọ́n. Oúnjẹ kọ́ ló wà nínú hóró wọ̀nyẹn. Histamine wà níbẹ̀, tó ń ṣí iṣan ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ tí omi fi ń jò síta. Heparin wà níbẹ̀, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Tryptase náà wà níbẹ̀, a ó padà sórí rẹ̀.

Ẹni tó bá dàgbà sí oko á mọ wèrèpè. Èso rẹ̀ a so rọ̀ lórí ìtàkùn, irun ara rẹ̀ a máa dán lójú oòrùn, kò sì wá ìjà ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fara gbún un ni yóò họra dé ilé. Nínú ara tèmi tiyín, ìwọ̀nba ni irú wèrèpè yìí, ó sì di ìgbà tí nǹkan gidi bá gbún un kó tó tú. Ti obìnrin yìí yàtọ̀. Jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní KIT ti yí padà nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì náà, àṣẹ "ẹ máa pọ̀ sí i" tó ń pa kò dákẹ́ mọ́. Wèrèpè ti gba oko, kò sì sí èyí tí ìdí rẹ̀ le nínú wọn. Àmì rúsúrúsú wà ní itan àti àyà rẹ̀. Bí ó bá fi èékánná ra ọ̀kan, á wú sókè á sì máa yún un. Orúkọ Darier, dókítà awọ ará Faransé, ni wọ́n fi ń pe àmì yẹn títí dòní.

Oògùn lè gbún wèrèpè yìí. Òtútù náà lè gbún un, àti ooru àpọ̀jù, àti ohun tó bá ń ra ara, àti ìrora, àní ẹ̀rù lásán. Ẹ wá wo ohun tí à ń pè ní iṣẹ́ abẹ. A mú ẹni tí ẹ̀rù ń bà tí ebi sì ń pa, a bọ́ aṣọ lára rẹ̀ nínú yàrá tútù, a so rọ́bà mọ́ ọn lápá, a gún un, a da oògùn mẹ́fà méje sí i lára láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, a fi oògùn apakòkòrò ra ikùn rẹ̀ gìrìgìrì, lẹ́yìn náà a mú abẹ. Bí ẹnì kan bá jókòó tó ń wá ọ̀nà tí yóò fi tú gbogbo wèrèpè inú ara kan sílẹ̀, kò lè rí ọ̀nà tó pé ju èyí lọ. Síbẹ̀ àwọn dókítà akunnilóorun gbà pé kò yẹ kí wọ́n tìtorí àìsàn yìí fi iṣẹ́ abẹ du àwọn tó nílò rẹ̀, wọ́n sì ń kùn wọ́n lóorun, wọ́n sì ń jí wọn padà.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú. Ká ní Yorùbá ni àwọn méjèèjì, èyí tí kò ṣọ̀wọ́n mọ́ ní ilé ìwòsàn Ìlú Ọba, bí ẹ ó ṣe gbọ́ ọ nìyí:

"Ẹ̀gbọ́n, ìgbà tí wọ́n yọ eyín yín níjelòó, abẹ́rẹ́ wo ni wọ́n fún yín?"

"Mi ò morúkọ ẹ̀, dókítà. Àmọ́ kò ṣe mí ní nǹkan kan."

"Ẹ ṣeun, mà. A máa bi wọ́n léèrè."

Ó sì bi wọ́n léèrè ní tòótọ́. Nítorí "kò ṣe mí ní nǹkan kan" yẹn níye lórí ju ojú ewé mẹ́wàá nínú ìwé ìṣègùn lọ. Gbogbo ayé ni ìwé ń bá sọ̀rọ̀. Ara obìnrin yìí gan-an ni abẹ́rẹ́ eléyín ti wọ̀ tó sì jáde ní àlàáfíà. Ó bi í bóyá ó máa ń lo aspirin tàbí ibuprofen, àti ohun tí wọ́n ṣe fún un. Ó bi í nípa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, pàápàá irú èyí tí orúkọ wọn máa ń parí sí "olol", nítorí ẹnu ọ̀nà tí adrenaline ń gbà wọlé ni oògùn wọ̀nyẹn ń dí, adrenaline sì ni òun máa sá tọ̀ bí ogun bá dé. Ó bi í nípa egungun, torí pé àìsàn yìí lè jẹ egungun débi pé kí ó máa ṣẹ́ wẹ́rẹ́. Àwọn tí yóò gbé e sórí tábìlì ní láti mọ̀.

Oògùn tí obìnrin náà ń lò lójoojúmọ́ láti fi dá histamine dúró, kò ní kó fi í sílẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà, bí ebi tilẹ̀ ń pa á. Ó fi oògùn kejì kún un, irú èyí tí wọ́n ń lò fún ọgbẹ́ inú, nítorí histamine ní ju ilé kan lọ tó ń wọ̀ sí. Ó fi prednisolone kún un. Ó fún un ní ìwọ̀nba oògùn tó ń pa ẹ̀rù. Ó tún ṣe nǹkan kékeré kan tí mo rò pé ó ju oògùn mìíràn lọ: ó lọ bẹ àwọn oníṣẹ́ abẹ kí wọ́n fi obìnrin náà ṣe ẹni àkọ́kọ́ lọ́jọ́ yẹn, kó má baà jókòó di ọ̀sán kí àyà rẹ̀ máa já.

Ká wá dé orí àwo oògùn. Sírínjì tò síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n kà lè ka ọkàn dókítà náà lára ohun tí kò sí níbẹ̀. Kò sí morphine. Ọ̀pọ̀ wa mọ ẹni tó gba morphine tó bẹ̀rẹ̀ sí í họ imú. Morphine a máa tú sẹ́ẹ̀lì mast, ara lásán sì ń gbà á mọ́ra. Ara obìnrin yìí lè má gbà á mọ́ra. Fentanyl ló dípò rẹ̀, tí kì í sáàbà yọ histamine lẹ́nu. Thiopental, oògùn oorun àtijọ́, kò sí níbẹ̀. Propofol ló wà níbẹ̀, funfun bíi wàrà.

Oògùn tó ń mú ẹran ara dẹ̀ ni ibi tí mo ti fẹ́ràn iṣẹ́ yìí jù. Bí ẹran ikùn kò bá dẹ̀, oníṣẹ́ abẹ kò lè rí ààyè ṣiṣẹ́, nítorí náà kò ṣeé yẹ̀. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní atracurium, tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Strathclyde ní Glasgow, oògùn gidi tó wúlò fún ẹgbàágbèje èèyàn. Àmọ́ bí wọ́n bá yára fún èèyàn, àyà ẹni náà lè pọ́n, torí pé ó ń tú sẹ́ẹ̀lì mast. Ohun tí àwọn onímọ̀ wá rí ni pé atracurium kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Ọmọ ìyá mẹ́wàá ni, èròjà kan náà, tí ìtò wọn kàn yàtọ̀ síra bí ọwọ́ ọ̀tún ṣe yàtọ̀ sí ọwọ́ òsì. Ọ̀kan nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, bí ìdá 15 nínú 100 àdàlù náà, lágbára tó láti dá iṣẹ́ ṣe, kì í sì í yọ histamine lẹ́nu bíi ti àpapọ̀ wọn. Wọ́n yọ ọ́ sọ́tọ̀, wọ́n pè é ní cisatracurium. Òun ló wà nínú sírínjì kẹta lórí àwo yẹn. Ìdílé tó ní ọmọ mẹ́wàá tó ń pariwo, tí ẹnì kan sì wà láàárín wọn tó mọ̀ bí wọ́n ṣe ń rìn lẹ́bàá ẹni tó sùn!

Sẹ́ẹ̀lì mast sì ní ilẹ̀kùn ju ẹyọ kan lọ. Ilẹ̀kùn tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni ti alẹ́jì: ara gbọ́dọ̀ ti pàdé nǹkan náà rí kó tó mọ̀ ọ́n ní ọ̀tá. Lọ́dún 2015 àwọn olùwádìí ní Johns Hopkins, ní Baltimore, fi hàn pé ilẹ̀kùn kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ MRGPRX2, tí àwọn oògùn kan lè ṣí lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dé ibẹ̀, nítorí pé ìrísí wọn bá ihò kọ́kọ́rọ́ mu. Ìdí nìyẹn tí "n kò lo irú oògùn yìí rí" kò fi lè fi dókítà náà lọ́kàn balẹ̀.

Sírínjì kan wà lọ́tọ̀, ní igun àwo, tí kò sí ẹni tó ń fọwọ́ kàn án. Adrenaline ni. Ó ti pò ó sílẹ̀ kí obìnrin náà tó wọlé.

Obìnrin náà wọlé. Wọ́n ti fi aṣọ gbígbóná bò ó, wọn kò wọ́ ọ lórí tábìlì, wọ́n fi aṣọ tó ń yọ̀ yí i sọ́hùn-ún. Dókítà wé òwú rírọ̀ yí apá rẹ̀ kó tó wé aṣọ ìwọnfúnpá lé e, kí aṣọ náà má baà máa ra awọ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá wú. Rọ́bà tó so mọ́ ọn kò pẹ́ ju bí ó ṣe nílò rẹ̀ lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni oògùn ń wọlé. Abẹ́rẹ́ apakòkòrò ló kọ́kọ́ wọlé, kí oorun tó dé, nítorí ẹni tó lajú lè sọ pé ọ̀fun ń yún òun, ẹni tó sùn kò lè sọ ọ́. Ó tì í díẹ̀díẹ̀, ó dúró, ó ń bá obìnrin náà sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ rẹ̀. Ìṣẹ́jú kan kọjá, èkejì kọjá, ó tún ń lọ. Àwọn tó wà níbẹ̀ lè máa wo aago. Ẹni tó bá da ata, iyọ̀ àti irú sínú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan náà kò ní mọ èyí tó ba ọbẹ̀ jẹ́, dókítà yìí sì fẹ́ mọ̀. Propofol máa ń ta èèyàn nínú iṣan; ó ti fi lidocaine ṣáájú kí ìta náà má baà di ìrora. Kò lẹ plásítà mọ́ ọn lójú bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ó wá èyí tí kì í lẹ̀ pinpin. Nígbà tó fẹ́ ki ọ̀pá èémí bọ̀ ọ́ lọ́fun, ó dúró títí oorun fi jinlẹ̀ dáadáa.

Wọ́n ta aṣọ bò ó. Láti ìsinsìnyí lọ, aláìsàn kò ní sọ̀rọ̀, awọ rẹ̀ kò sì hàn. Ìwé ìṣègùn a máa ní kí a wo ara tó pọ́n. Awọ àwa èèyàn dúdú kì í fi pípọ́n hàn bẹ́ẹ̀, ojú tí kò bá mọ̀ ọ́n wò á wò ó kọjá. Dókítà yìí a máa ṣí aṣọ, á wo inú ètè àti àtẹ́lẹwọ́, á fi ìka wá ibi tó wú. Kódà lára òyìnbó, awọ kì í sábà ṣe ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà akunnilóorun ní Ìlú Ọba, Royal College of Anaesthetists, gbé ìwádìí wọn jáde lọ́dún 2018, ìṣẹ̀lẹ̀ 266 ni wọ́n tú wò, níbi tí ara ti ṣọ̀tẹ̀ sí oògùn débi tí ó fi lè gba ẹ̀mí lákòókò iṣẹ́ abẹ. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tó já sílẹ̀ ló wọ́pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n kọ́kọ́ rí.

Nítorí náà, nígbà tí ìfúnpá obìnrin náà já láti 112 sí 78, gbogbo yàrá gbọ́ bí ohùn dókítà náà ṣe yí padà.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbí, torí ibí ni ọgbọ́n wà. Oníṣẹ́ abẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ikùn ni, kó lè rí inú. Afẹ́fẹ́ yẹn fúnra rẹ̀ lè já ìfúnpá sílẹ̀. Ó tún ń ti ẹ̀dọ̀fóró láti ìsàlẹ̀, ẹ̀rọ èémí á sì máa ké pé ó ṣòro fún òun láti fẹ́ atẹ́gùn wọlé. Bí wèrèpè bá tú, ìfúnpá á já, ẹ̀rọ èémí á sì ké bákan náà. Àìsàn méjì, ojú kan. Ta ni?

Ó wo ìlà afẹ́fẹ́ tí aláìsàn ń mí síta lójú ẹ̀rọ. Bí sẹ́ẹ̀lì mast bá tú, ọkàn kì í rí ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ tó fẹ́ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ìlà yẹn á já lulẹ̀. Kò já. Ó wo ìrísí rẹ̀: bí ọ̀nà èémí bá fún, ìlà náà á máa gun òkè díẹ̀díẹ̀ bí òrùlé ahéré tó dà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó dúró ṣánṣán bí ògiri, orí rẹ̀ tẹ́jú. Ó fi ẹ̀rọ ìgbọ́yà kan àyà rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì: kò sí ìró fèrè. Ọkàn ń lù lẹ́ẹ̀méjìdínláàádọ́ta ní ìṣẹ́jú kan, ó rẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ sísáré ni ọkàn sábà máa ń sáré bí histamine bá ti tú. Kò sì sí oògùn tuntun tó wọlé láti bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Gbogbo èyí kò gbà ju bí ẹ ṣe ka ìlà mẹ́ta lọ. Ọwọ́ rẹ̀ kan ti wà lórí sírínjì igun àwo.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú afẹ́fẹ́ yẹn sílẹ̀."

Wọ́n tú u. Ọkàn gun òkè, 60, 72. Ìfúnpá tẹ̀lé e. Ọwọ́ kúrò lórí sírínjì. Wọ́n tún fẹ́ afẹ́fẹ́ náà sí i ní pẹ̀lẹ́, wọn ò jẹ́ kó le tó ti àkọ́kọ́, iṣẹ́ sì ń bá a lọ.

Ká ní kò padà ńkọ́? Adrenaline ni, lójú ẹsẹ̀, láìwá ẹ̀rí mìíràn. Nínú tíátà, níbi tí ẹ̀rọ ti ń ṣọ́ ọkàn, microgram 50 ni wọ́n ń kọ́kọ́ fún àgbàlagbà sínú iṣan, ìyẹn ìdá kan nínú ogún ìgò kékeré oní-milligram kan. Bí kò bá tó, wọ́n á tún un fún. Omi dríìpù á máa wọlé kíákíá, lítà lé lítà, nítorí iṣan tó ṣí sílẹ̀ ti jò. Oògùn adáhistaminedúró kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Àwọn tó bá fẹ́ kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ wò ń fi àkókò ṣòfò.

Ìfúnpá padà, síbẹ̀ ó ní kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀. Ẹlòmíràn á ní kí ló tún kù. Tryptase ló kù. Hóró inú sẹ́ẹ̀lì mast ni tryptase ń gbé. Bí sẹ́ẹ̀lì bá tú, á pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ láàárín wákàtí kan sí méjì, nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ kejì á ti padà síbi tó máa ń wà. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ti obìnrin yìí ti ga tẹ́lẹ̀, 30, nígbà tí ti ọ̀pọ̀ èèyàn kò tó 12. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn rẹ̀ á rí 31 á sì pariwo. Ìṣirò tí wọ́n ń lò rọrùn: ẹ sọ iye tó máa ń wà nílẹ̀ di ìlọ́po 1.2, ẹ fi 2 kún un. Fún un, 38 ni. Ohun tó bá kọjá ibẹ̀ ni ẹ̀rí. Ti ọ̀sán ọjọ́ yẹn jẹ́ 31. Afẹ́fẹ́ ni, wèrèpè kò tú.

Jíjí náà gba ìṣọ́ra bíi sísùn. Wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ pa ojú ọgbẹ́ kú kí ó tó la ojú, kí ìrora má baà ṣe ohun tí oògùn kò ṣe. Yàrá ṣì gbóná. Wọn kò dá a padà sí wọ́ọ̀dù lọ́gán. Nọ́ọ̀sì kan jókòó tì í fún ìgbà pípẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, dókítà náà wá, ó ní "Ẹ kú ewu, ẹ̀gbọ́n", ó sì fún un ní ìwé kan. Gbogbo oògùn tó wọ ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà ló kọ síbẹ̀, bí ó ṣe pọ̀ tó, àti pé kò ṣe é ní nǹkan kan.

Bí dókítà bá ti sọ fún yín pé ẹ ní àìsàn yìí, tàbí bí wọ́n bá ti rí irú àmì rúsúrúsú bẹ́ẹ̀ lára ọmọ yín, ẹ má jẹ́ kó di ẹnu ọ̀nà tíátà kí ẹ tó sọ ọ́. Ẹ béèrè fún dókítà tí yóò kùn yín lóorun ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, ẹ kó gbogbo ìwé àtijọ́ yín dání, títí kan ti eléyín.